Káàdì Tó Mọ́ Tónítóní

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àdáwà. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yẹn ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Àwa wà dáadáa, ọkọ mi ní kí n kí yín. Mo mọ̀ pé ẹ ti mú pẹ́ńsù búlúù yín dání kí ẹ tó já àpò ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tán ná. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógójì wá àṣìṣe nínú ìwé fún ilé ìtẹ̀wé, ó yẹ kó fi ọmọ ẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ mi, Màmá Kékeré, ni. Ara ọmọ-ọmọ yín ò yá lóṣù tó kọjá. Obìnrin tí à ń gbé e sí lọ́dọ̀ tí a bá lọ síbi iṣẹ́, àṣé sìgá ló ń fà nínú ilé. Nígbà tí mo bi í, ó ní ojú fèrèsé lòun ti ń mu ún. Ojú fèrèsé! Àyà ọmọ fún un pinpin, kò lè mí délẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta la fi wà nílé ìwòsàn. Ọmọ ọdún mẹ́ta, Bàámi. Dókítà ní èéfín sìgá ò gbọ́dọ̀ dé sàkáání rẹ̀ mọ́, ì báà ṣe èyí tó lẹ̀ mọ́ aṣọ lásán. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, kí ẹ máa wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́sàn-án. Yàrá kan wà tó dojú kọ ibi tí oòrùn ti ń yọ, mo ti kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò. Ẹ sọ fún mi pé ẹ ti fi sìgá sílẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, mo sì gbà yín gbọ́. Ọkọ mi ló ní kí n tún bi yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má bínú sí i, ẹ̀rù ló ń bà á.

Ohun kan tún wà. Ẹ mọ̀ pé yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń gba káàdì tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí, tí mò ń fi irin kékeré kan lu ihò bíńtín lára rẹ̀, tí mò ń kó o sínú ìgò. Àwọn ọ̀gá wa ń wá ẹni tó mu sìgá rí tó sì ti jáwọ́, kí wọ́n lè mọ iye ọdún tí ara fi ń gbàgbé sìgá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ìwé tí a fi dá kálukú wa, tí wọ́n ń pè ní DNA, àmì kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tó ń sọ fún ara pé, ka ibí, fo ibẹ̀ yẹn. Èéfín sìgá máa ń pa àmì yìí rẹ́ láwọn ibì kan. Bí èèyàn bá jáwọ́, wọ́n á máa padà wá díẹ̀díẹ̀, ọdún dé ọdún. Mo ti fi yín yangàn lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Mo ní mo ní ẹnì kan nílé.

Káàdì méjì ló wà nínú àpò yìí, kí ìkejì lè wà bí ọ̀kan bá bàjẹ́. Ẹ gún ìka yín, ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kán sínú àmì róbótó mẹ́rin tó wà níbẹ̀, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ kọ orúkọ sí i, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́. Ẹ fọwọ́ sí ìwé tó wà pẹ̀lú rẹ̀ pé kí wọ́n fún mi ní èsì yín.

Èmi ni ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Àṣìṣe méje. Mo ti fa igi sí gbogbo wọn, ó di ọjọ́ tí a bá fojú kanra.

Pẹ̀lẹ́ o, ìyá ọmọ. Bá mi fẹnu ko Màmá Kékeré lẹ́nu, kí o sì sọ fún un pé bàbá àgbà ti ń di ẹrù. Ìyá olójú-fèrèsé yẹn, ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò sí nítòsí.

Ọkọ rẹ bèèrè, ó káre. Èmi náà ìbá bèèrè. Sọ fún un pé bí mo ṣe fi sìgá sílẹ̀ nìyí. Ìwé ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé la fẹ́ tẹ̀, ojú ìwé tó kẹ́yìn ló wà níwájú mi, sìgá wà lẹ́nu mi. Eérú já bọ́, ó jó ojú ìwé náà níbi tí nọ́ńbà kan wà. Mo fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n kúrò, mi ò tilẹ̀ wò ó dáadáa, mo fọwọ́ sí i. A tẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọmọ ló ń ṣírò ohun tí ìdáhùn rẹ̀ ò lè bára mu láéláé. Ọ̀gá ò bú mi o. Ó kàn gbé ìwé náà síwájú mi, ó jáde. Ìbá sàn kó bú mi. Láti ọjọ́ yẹn, sìgá ò kan ètè mi mọ́.

Ọ̀rọ̀ àmì tí o sọ yìí yé mi ju bí o ṣe rò lọ. Iṣẹ́ mi ni. Ọ̀rọ̀ ìwé ò yí padà, àmì ẹ̀gbẹ́ ìwé ló ń darí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà mo fara balẹ̀ ṣe káàdì rẹ. Aránwèé wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ń rán ìwé pọ̀ nílé ìtẹ̀wé wa, èyí tí o máa ń sọ pé o ò rí ojú rẹ̀ rí nítorí èéfín. Ó ní òun náà fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ òun ti dúdú. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ẹ ò dúdú, àgídí ẹ ló dúdú. Kí n tó mọ̀, ó ti gún ìka sórí káàdì kejì. A sá méjèèjì sórí tábìlì, a lọ jẹun. Nígbà tí a dé, tiẹ̀ rí wúruwùru, ẹ̀jẹ̀ ti kọjá ìlà. Mo ní kó máa gbé ìdọ̀tí ẹ̀ lọ. Wo tèmi tó mọ́ tónítóní. Ọwọ́ mi ò tíì yẹ̀.

Kọ̀wé kíákíá. Mo ti sọ fún onílé mi pé mò ń kó jáde.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàámi,

Ẹ kú ilé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ya á.

Èsì yín ti jáde. Èmi ni mo ṣí i, níwájú ọ̀gá mi, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Bàámi, èsì ẹni tó ti jáwọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án kọ́ nìyí. Àwọn àmì tó yẹ kó ti padà wá, kò sí wọn. Ọ̀gá mi wo ìwé náà, ó wò mí, ó ní, "Ẹni yìí ń mu tó páálí kan lójúmọ́." Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì.

Tótó ó ṣe bí òwe o, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Kí ló dé tí ẹ ò kúkú sọ fún mi? Ìtàn eérú, ìtàn ìwé ìṣirò, gbogbo rẹ̀ ni mo kà fún ọkọ mi sókè ketekete. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá yìí ṣeé fọkàn tán. Ojú wo ni kí n fi wò ó báyìí?

Mo rí ọmọ mi nígbà tí kò lè mí. Ẹ ò rí i. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wíwá yín dúró ná.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ. Mi ò fa igi kankan sí i.

Mi ò mu sìgá. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tún ti sọ ọ́. Bí o bá gba ẹ̀rọ gbọ́ ju èmi tí mo bí ọ lọ, kò burú. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní ń yọ ọfà lápó. Mi ò fẹ́ yọ ọfà sí ọ, nítorí náà kí n dákẹ́.

Kí ọmọ mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ọjọ́ gígùn, kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀sẹ̀ méje rèé, mi ò rí nǹkan kan gbà. Ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ àpótí lẹ́tà wò, ó ti di ohun tí àwọn aládùúgbò fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Mo pe ilé ìtẹ̀wé, wọ́n ní ẹ wà láàyè, ẹ kàn ń dákẹ́ ni. Ẹ̀rù ba mí kí n tó gbọ́ ìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnu mi mú jù. Ẹ̀yin náà lẹ sì bí mi, ibo ni kí n ti rí ẹnu tó rọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣì ń mu ún, ẹ sọ fún mi. A ó wá nǹkan ṣe sí i, àwọn èèyàn ń jáwọ́ lójoojúmọ́. Sìgá nìkan kọ́ ló ń dùn mí. Bí ẹ bá lè fi í pa mọ́ fún mi, ẹ lè wà pẹ̀lú ọmọ mi kí ẹ tún fi nǹkan mìíràn pa mọ́, èmi ò sì ní sí nílé láti mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Kò sí ẹlòmíì tí mo fẹ́ fi í sí lọ́dọ̀ o. Mo ti gbé iṣẹ́ mi sí ìdajì láti máa tọ́jú rẹ̀, ọ̀gá ò sì ní fara dà á pẹ́.

Ẹ fèsì, ẹ jọ̀ọ́. Àṣìṣe inú lẹ́tà yìí pọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ fún yín ni.

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù kẹfà

Ọmọ mi àtàtà,

Jókòó kí o tó ka èyí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Aránwèé wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ariwo rẹ̀. Ó ní, "Èsì ẹ̀jẹ̀ mi dà? Ẹ ti jẹ ẹ́ mọ́ mi lójú ni?" Mo ní ta ló fi ẹ̀jẹ̀ tìẹ ránṣẹ́. Ó fa káàdì kan yọ láti inú ìwé tó ń kà, èyí tó rí wúruwùru yẹn, ó ti fi ṣe àmì ibi tó kàwé dé láti oṣù kejì. Ó jù ú sórí tábìlì mi. Mo fẹ́ jù ú padà fún un, ni mo bá rí àmì àtàǹpàkò kan létí rẹ̀, búlúù.

Aránwèé kì í di pẹ́ńsù mú. Gọ́ọ̀mù ló máa ń wà lọ́wọ́ tiẹ̀. Gbogbo ilé ìtẹ̀wé yìí, èmi nìkan ni àtàǹpàkò mi máa ń ní àwọ̀ búlúù.

Mo bi í pé èwo ni tiẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ò mọ̀, èmi ni mo pín in, èmi ni mo ní kó gbé ìdọ̀tí ẹ̀. Ó ní ìgbà wo lòun ti dọ̀tí iṣẹ́ rí, ọwọ́ tí òun fi ń ki abẹ́rẹ́ bọ ihò ìwé láti ogójì ọdún! Òótọ́ ló sọ. Mo fi ẹ̀jẹ̀ Aránwèé ránṣẹ́ sí ọ, mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi sí i. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo rí káàdì méjì, ọ̀kan mọ́, ọ̀kan dọ̀tí, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kàn ní èyí tó mọ́ ni tèmi. Kí ló tún kù?

Kí n sọ èyí tó kù fún ọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ọmọ mi. Ó ti lé ní ọdún méjì. Mo máa ń fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú kí n tó fa ìlà. Ọ̀gá mọ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Mi ò sọ fún ọ torí mo rò pé o ò ní gbé ọmọ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Òun ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kọjá ìlà.

Káàdì náà rèé. Bi àwọn ọ̀gá rẹ bóyá ó ṣì wúlò. Lẹ́tà rẹ dùn mí wọ eegun, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n o ò jẹ̀bi. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ ni o kà.

Aránwèé ní páálí kan kọ́, páálí kan àti ààbọ̀ ni. Ó ní kí ẹ̀rọ yín lọ túnra mú.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ

Bàámi, Bàámi, Bàámi,

Ẹ má bínú sí mi. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo ti ń kọ èyí, ọkọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó, mo sì ti fọ́ tèmi mọ́ yín lójú. Ẹ forí jì mí.

Káàdì yín wúlò. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti gbẹ dáadáa kì í tètè bàjẹ́. Ọ̀gá mi fi í wé ti àkọ́kọ́, ó ní ẹ̀jẹ̀ èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú ọwọ́ wá, ó fi tèmi náà wé e, kó lè dá wa lójú ta ló ni èwo. Bàbá mi lẹ̀yin í ṣe, kò sí iyè méjì. Ẹ ò lè kọ̀ mí lọ́mọ mọ́ báyìí, ìwé ti wà.

Ẹ wá gbọ́. Níbi tí sìgá ti máa ń ṣe ọṣẹ́ jù, àmì yín ti padà wá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tí kò mu ún rí láyé. Ibi mẹ́ta péré ló kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀gá mi ní àwọn ibì kan máa ń pẹ́ gan-an, òmíràn lè má padà mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án hàn níbẹ̀ kedere. Ó gbá mi léjìká. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún ayọ̀ bí ọmọdé.

Kí Aránwèé mọ̀ pé a ti yọ èsì tiẹ̀ kúrò lórúkọ yín. Ẹ sọ fún un pé bó bá jáwọ́, ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ ni àmì máa ń sáré padà jù. Kó má dúró dè é.

Ní ti ọwọ́ yín, ta ló ní kí ẹ máa gbé ọmọ? Ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ń sáré bí ọkọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni ẹni tó máa jókòó tì í. Ìgbà wo lẹ lè wá?

Ọmọ yín tó ń bẹ̀bẹ̀.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi àtàtà,

Èdùmàrè ṣeun. Mo ka lẹ́tà rẹ lórí àtẹ̀gùn ilé ìtẹ̀wé, mo jókòó síbẹ̀, mò ń sunkún. Àwọn tó ń kọjá rò pé wọ́n túfọ̀ òkú fún mi ni. Mo ní ẹ máa lọ, ayọ̀ ni. Aránwèé ní òun á fi sìgá sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kò sọ Ajé wo.

Kò sí ohun tí mo ń bínú lé lórí mọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó di ẹrù, ọ̀rọ̀ kan wà.

Lọ́jọ́ kejì tí mo kọ lẹ́tà kúkúrú yẹn sí ọ ní oṣù kẹrin, mo lọ sí ìsọ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, mo ra sìgá kan. Mo ní bí wọ́n bá ti kọ mí sílẹ̀ pé mò ń mu ún, kí ni mò ń sá fún? Tí ọdún mẹ́sàn-án ò bá hàn lára mi, asán ni mo ṣe. Mo ṣáná sí i lẹ́yìn ilé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fà á. Ikọ́ bá mi débi pé mo di ògiri mú. Mo sọ ọ́ sí gọ́tà, mo fọ ẹnu, mo fọ aṣọ, ojú ara mi sì tì mí. Mi ò tún fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ náà títí dòní.

Kò sí ẹni tó rí mi. Aránwèé ò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí káàdì yẹn, oṣù kejì ló ti kúrò lára mi, kò lè mọ ohun tí mo ṣe ní oṣù kẹrin. Bí mo bá dákẹ́, ó parí síbẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti ń bá ara mi sọ ọ́ pé kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n o sọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù fún mi, mi ò sì lè wọ ilé rẹ pẹ̀lú rẹ̀ lápò.

Bí ọkọ rẹ bá ní kí n má wá mọ́, mi ò ní bínú. Mo ṣì jẹ́ bàbá rẹ.

Èmi ni.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án

Bàámi,

Ẹ kú ìnira. Mo ka lẹ́tà yín fún ọkọ mi. Nígbà tí mo dé ibi sìgá yẹn, mo dúró, ó ní kí n máa kà á lọ. Nígbà tí mo parí, ó dìde. Ó lọ mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan bẹ́ẹ̀dì sí yàrá yín.

Mo bi í pé kí ló rò. Ó ní ìyá olójú-fèrèsé, ó dìgbà tí ọmọ dé ilé ìwòsàn kó tó jẹ́wọ́.

Ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lágbára o, Bàámi, ó ń rí ohun tí èèyàn fúnra rẹ̀ ṣe tó sì ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n kò lè rí ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ fa sìgá yẹn láéláé. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi, nígbà tí kò sẹ́ni tó bi yín. Ẹ máa bọ̀ nílé.

Ọmọ yín.